Kílò Ni àbí Pọ́ùn? Ẹ Bi Ara Yín Kí Ẹ Tó Tẹ Nọ́ńbà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa di ẹrù, kí n sì máa kọ ìwé ẹrù fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀ òkèèrè. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mò ń bá pàdé, èyí tó ń jẹ owó jù kì í ṣe ti àdírẹ́sì. Nọ́ńbà tó tọ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ òṣùwọ̀n tí kò tọ́ ni.

Ẹ wo páálí kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 40, tó sì ga ní 40. Kílò 8 péré ni, tòun ti ẹrù inú rẹ̀. Ẹni tó ni ín á rò pé owó kílò 8 lòun máa san. Rárá o! Àwọn akẹ́rù tún máa ń wo ààyè tí páálí gbà nínú ọkọ̀. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga ṣe ìsọdipúpọ̀, ìyẹn 96,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á wá fi 5,000 pín in. Kílò 19.2 ló máa jáde. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gbowó lé.

Wàyí o, ká ní ínṣì ni wọ́n ń béèrè lórí fọ́ọ̀mù akẹ́rù, torí pé Amẹ́ríkà ni ọjà ń lọ, ẹ wá tẹ 60, 40, 40 síbẹ̀. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Páálí tí ẹ dá gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan ti di ohun tó lé ní kílò 310 lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ríre, á kọ̀ ọ́. Bí ẹ ò bá ríre, á yọ owó.

Ti pọ́ùn, ìyẹn òṣùwọ̀n ìwúwo tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, máa ń dùn lákọ̀ọ́kọ́ ni. Ká ní páálí kékeré tí ẹrù inú rẹ̀ wúwo ni, tó jẹ́ kílò 8. Kílò 8 jẹ́ pọ́ùn 17.6. Ẹni tó bá kọ 8 síbi tí wọ́n ti ń béèrè pọ́ùn ti sọ pé ẹrù òun ò ju kílò 3.6 lọ. Owó kékeré tó rí á dùn mọ́ ọn, títí wọ́n á fi gbé e sórí òṣùwọ̀n tiwọn, tí wọ́n á sì fi àlékún ránṣẹ́, nígbà míì lẹ́yìn tí oníbàárà ti gba ọjà rẹ̀. Ta lẹ fẹ́ wá bi?

Ẹ ṣọ́ra fún áúnsì pẹ̀lú, torí orúkọ kan ló ń jẹ́ fún ohun méjì. Áúnsì ìwúwo jẹ́ gíráàmù 28.35. Áúnsì nǹkan olómi ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlílítà 29.57, ti Gẹ̀ẹ́sì sì kéré sí i díẹ̀. Bí ìpara tàbí lọ́fínńdà lẹ ń tà, ẹ kọ mìlílítà sí i lára.

Àmì kékeré náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní Jámánì, kọ́mà (,) ni wọ́n ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo àmì ìdánudúró (.) láàárín nọ́ńbà, àmì ìdánudúró ni wọ́n sì fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ẹni tó bá kọ 1.500 kg sínú ìwé ẹrù tó ń lọ sọ́hùn-ún lérò pé kílò kan ààbọ̀ lòun kọ, ẹni tó máa kà á lè kà á sí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ kílò. 1.5 kg ni kí ẹ kọ, kí ẹ yọ òdo wọ̀nyẹn kúrò.

Ní tèmi, mi ò ń wọn páálí àyàfi tí mo bá ti lẹ tẹ́ẹ̀pù tán, torí ikùn rẹ̀ máa ń wú. Ibi tó wú jù ni mo ń wọ̀n. Mo sì máa ń ya fọ́tò rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kí nọ́ńbà àti kg tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn dáadáa. Okùn ìwọ̀n tí mò ń lò ní ínṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Mo ti fi máákà kun ẹ̀gbẹ́ ínṣì dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.