Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé Àjàní Ògún jáde kó mọ́ kedere?

Bàbá tíṣà kan wà tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé ni wọ́n máa ń yà, ìbéèrè kan náà nípa fíìmù Yorùbá àtijọ́ kan ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó jókòó: "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni wọ́n máa gbé Àjàní Ògún jáde kó mọ́ kedere bíi tàwọn òyìnbó?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ lọ́wọ́ èèyàn kí n kó ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí fíláàṣì tàbí síídì, mo ti ń ṣe é látìgbà tí VCD ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, èmi kọ́ ni mò ń gbé fíìmù jáde. Àmọ́ kì í ṣe bàbá nìkan, gbogbo àwọn tó ń kó fíìmù jọ ní Òṣogbo yìí ló ń bi mí, torí náà ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀ fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn kì í ṣe fíìmù náà, ẹ̀dà ẹ̀dà ẹ̀ ni. Fíìmù gidi ni wọ́n fi ya Àjàní Ògún lọ́dún 1976, ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó ní ihò létí bíi ti nẹ́gẹ́tífù àwọn fọ́tógíráfà, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ káàkiri town hall àti hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú projector, ẹ máa sanwó kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó pẹ́ kó tó bọ́ sórí VHS, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì fídíò tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, nígbà tó sì bọ́ síbẹ̀ ẹnì kan dọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹni yẹn náà tún dọ́ọ̀bù ẹ̀ fún àna ẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń dín lára ẹ̀. VHS fúnra ẹ̀ ò ju bí ìlà 240 lọ, VCD tó wá gba ọjà lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́ 352 sí 288 (iye àmì kékeré tó ń di àwòrán nìyẹn, ìbú sí gíga), DVD jẹ́ 720 sí 576, Blu-ray wá jẹ́ 1920 sí 1080. Ẹnì kan gbé VCD wá, ó ní kí n bá òun sọ ọ́ di 4K, èyí tó tún mọ́ ju Blu-ray lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, àdìrẹ tó ti ṣí, ẹ lè lọ̀ ọ́ kó dán bó ṣe wù yín, aró ẹ̀ ò ní padà. A sì ń ta àdìrẹ níbí, ó yẹ kó yé wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi AI ṣe é báyìí. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń wá ohun tó sọnù rí o, ó ń fọkàn rò ó ni, á ya ojú tuntun lé ojú onítíátà, ara á wá máa dán bíi ti bèbí oníke. Dúró Ládipọ̀ wà nínú Àjàní Ògún, ẹni tó jẹ́ tiwa ní Òṣogbo níbí, tó wà nídìí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ lọ́dún 1962, tó sì kú lọ́dún 1978, ẹ wá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa rò ó bí ojú ọkùnrin yẹn ṣe rí? Kí àwòrán fọ́ díẹ̀ kó jẹ́ òun gan-an tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyẹn lọ.

Ibi tí 4K ti lè jáde ni nẹ́gẹ́tífù, tàbí ẹ̀dà fíìmù kan tó ṣì dáa. Tí wọ́n bá rí nẹ́gẹ́tífù 35mm (ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó mílímítà 35) tó ṣì dáa, wọ́n á fi ẹ̀rọ yà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán kan lẹ́yìn ìkejì, ẹ ò ní gbàgbọ́ pé fíìmù àádọ́ta ọdún ni. Ibo wá ni nẹ́gẹ́tífù yẹn wà? Nígbà yẹn òkè òkun ni wọ́n ń fi fíìmù aláwọ̀ ránṣẹ́ sí kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́, ibi tí wọ́n bá sì ti fọ fíìmù ni nẹ́gẹ́tífù sábà máa ń jókòó sí, ẹ̀dà nìkan ló ń padà sílé. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí owó náírà wá di yẹ̀yẹ́, àwọn kan bọ́ sórí fíìmù tí wọ́n ń pè ní reversal, ìyẹn ò ní nẹ́gẹ́tífù rárá, ohun tó wọ inú kámẹ́rà náà ni wọ́n ń gbé sínú projector, tí projector bá ha á, ó ti ha nìyẹn, kò sí ìyá tó máa bí òmíì.

Ooru ilẹ̀ wa náà ò dákẹ́. Fíìmù ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n fi ṣe é máa ń jẹra tó bá wà níbi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin, á máa rùn bí ọtí kíkan, bí ẹmu tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà á hunjọ, á ká kò. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé dá padà, ẹ kàn lè dá a dúró díẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ, òórùn yẹn sì tún máa ń ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú àpótí kan náà. Àwọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fíìmù aláwọ̀ ọdún 1970s ló ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, igbó á pọ́n, ojú ọ̀run á pọ́n. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe sí i lórí kọ̀ǹpútà ṣá, nítorí àwọ̀ yòókù kì í lọ tán.

Ẹ má rò pé mo kàn ń bà yín nínú jẹ́. Ọdún 1976 kan náà tí Àjàní Ògún jáde ni Adamu Halilu ṣe fíìmù Hausa kan, Shehu Umar, gbogbo èèyàn ló gbà pé ó ti sọnù, àfìgbà tó di 2016 tí wọ́n rí i nínú àkójọ fíìmù ìjọba ní Jos, àwọn Arsenal, ilé tí wọ́n ń kó fíìmù jọ sí ní Berlin, bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi ayẹyẹ fíìmù Berlin lọ́dún 2018. Jos o! Nàìjíríà níbí ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ti kọjá ìyẹn, Mandabi tí Sembène ṣe lédè Wolof lọ́dún 1968, Criterion, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ti gbé e jáde lórí Blu-ray lọ́dún 2021, ọmọ bàbá tíṣà tó wà ní Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí wọn, inú bàbá dùn, wọ́n gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé e wá bá mi bí ẹni pé mo jí nǹkan wọn. Síídì yẹn ò ní nǹkan kan o, wọ́n tì í mọ́ agbègbè A ni, ti Amẹ́ríkà, agbègbè B ni tiwa ní Áfíríkà lórí Blu-ray, DVD náà ní tiẹ̀, 5 ni tiwa, 1 ni tiwọn. Torí náà ẹ tó ní kí ọmọ rà yín ní síídì, ẹ bi í pé agbègbè wo ni, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ẹ̀.

Kí ló wá dé tí fíìmù Yorùbá tiwa ò tíì rí bẹ́ẹ̀? Àwọn èèyàn á ní owó ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi ọ̀rọ̀ ta ló ni ín ló wúwo jù. Ògúndé ti kú látọdún 1990, Ade Love tó ṣeré nínú Àjàní Ògún kú lọ́dún 1996, Bàbá Sàlá kú lọ́dún 2018, àwọn ọmọ àti ìyàwó ló kù, wọ́n sì pọ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan agolo fíìmù. Ẹ tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru. Ọdún 1982 ni, Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà tó wà nítòsí wa níbí, kó owó ńlá sí i, àwọn olè fíìmù bá gbé e sórí VHS, wọ́n ń tà á káàkiri kí bàbá tó rí owó wọn, gbèsè ló kù. Tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ṣé ẹ máa gbé nẹ́gẹ́tífù fún ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí? Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀dà olè yẹn gan-an la fi mọ fíìmù náà.

Ó yá, kí lẹ lè ṣe nílé? Ẹ má da kásẹ́ẹ̀tì nù. Ẹ gbé e dúró bí ìwé, ẹ má tò ó lélẹ̀, ẹ jìnnà sí fèrèsé àti ẹ̀yìn spíkà torí mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ike kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ kúrò kí ọmọ má baà rẹ́kọ́ọ̀dù bọ́ọ̀lù lé e lórí, mo ti rí i. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú lójú tépù, bíi ti búrẹ́dì tó ti pẹ́, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ rárá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mo fi ọ̀kan sí i, ìgbéyàwó ìyá kan ní Ayétòrò ni, tépù já, orí ẹ̀rọ bà jẹ́, mo san owó ẹ̀, ìyá ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì náà sì ń wọ́n báyìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn lágbàáyé, Funai, ti dáwọ́ dúró láti July 2016, èyí tí mo ń lò, mo ti tú mẹ́ta jẹ kí n tó rí àwọn pátì ẹ̀. Tí wọ́n bá sì bá yín kó o sórí síídì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fáìlì náà lórí háàdì, síídì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà jó nílé kì í pẹ́ bí èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀.

Èyí tó kù wà fún ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín bá ẹgbẹ́ tíátà kan ṣiṣẹ́ rí, Òṣogbo sì kún fún wọn. Ẹ yọjú wo àjà ilé. Tẹ́ ẹ bá rí agolo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ tó ń rùn bí ẹmu kíkan, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ má fà á jáde sínú oòrùn láti wò ó. Ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ẹ gbé e sí yàrá tó tutù jù nínú ilé, kẹ́ ẹ wá wá mi wá sí Òkè-Fìà ká jọ mọ ẹbí tó ni ín kó tó di pé a ń wá ọ̀nà Jos.