Ohun Tó Wà Lọ́rùn Olóòtú Jọ́nà Ìṣègùn Eré Ìdárayá

Bí agbábọ́ọ̀lù méjì bá forí gbára wọn lórí pápá, tí ọ̀kan ṣubú, tó dìde, tó wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà ẹgbẹ́ ní láti fi pinnu bóyá kó máa gbá a lọ tàbí kó jáde. Kì í ṣe ibẹ̀ ni dókítà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ohun tó máa ṣe. Ìlànà kan ti wà nílẹ̀ tó ń tẹ̀ lé, inú jọ́nà ìṣègùn eré ìdárayá, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí wọn jáde, sì ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Olóòtú ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà jọ́nà náà, òun ló ń sọ pé èyí wọlé, èyí kò wọlé. Agbábọ́ọ̀lù yẹn kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní mọ̀ ọ́n láé, ṣùgbọ́n òun gan-an ni olóòtú ń ṣiṣẹ́ fún.

Bí iṣẹ́ ìwádìí bá dé, kì í ṣe èsì rẹ̀ ni olóòtú kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ti fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé àwọn eléré náà gbà fúnra wọn, àbí kóòṣì ló to orúkọ wọn sílẹ̀? Ìbéèrè kejì yìí le nínú eré ìdárayá ju ibòmíràn lọ, nítorí ọmọdé tó ń wá àyè nínú ẹgbẹ́ kò rọrùn fún láti wo ojú kóòṣì rẹ̀ kó sọ pé òun kò ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú kan ni wọ́n ń dán wò, wọ́n gbọ́dọ̀ ti forúkọ ìwádìí náà sílẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀. Láti ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ ICMJE, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, ti sọ èyí di dandan. Ẹni tó ti kọ ohun tó fẹ́ wọ̀n sílẹ̀ níta gbangba kò ní lè dọ́gbọ́n yí i padà nígbà tí èsì bá já a kulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà. Ká ní ìròyìn kan kà báyìí pé: agbábọ́ọ̀lù àárín kan, ẹni ọdún 27, iṣan orúnkún òsì rẹ̀ já ní ìdajì kejì ìdíje àṣekágbá. Kò sí orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà tí kò ní dárúkọ rẹ̀. Olóòtú tó mọṣẹ́ á béèrè ìwé ìyọ̀nda tí eléré náà fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Bí kò bá sí, ìròyìn náà kò jáde, bó ti wù kó wúlò tó.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ náà yóò lọ sọ́wọ́ onímọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó. Olóòtú kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ọ̀rẹ́ ẹni tó kọ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹni tó ń bá a du ipò. Ìwádìí tó sì fi hàn pé ìtọ́jú kan kò ṣiṣẹ́ yẹ kó rí àyè bí èyí tó ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ jáde, eléré tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ tí kò wúlò ló ń jìyà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Ibi tó ṣòro jù ni ibi tí olóòtú fúnra rẹ̀ bá ti ní ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Ní 2005, Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe dókítà ní Pittsburgh, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò tó fi hàn pé ọpọlọ Mike Webster ti bàjẹ́ jáde nínú jọ́nà Neurosurgery. Olókìkí nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ni Webster, ó sì kú ní 2002. Àwọn dókítà ìgbìmọ̀ NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù náà, kọ̀wé pé kí wọ́n fa iṣẹ́ náà padà, ìyẹn kí jọ́nà kéde pé kò ṣeé gbára lé mọ́. Jọ́nà náà tẹ lẹ́tà wọn jáde, kò sì fa iṣẹ́ náà padà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n Michael Apuzzo tó jẹ́ olóòtú nígbà náà tún ń gba New York Giants, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ NFL, nímọ̀ràn, inú jọ́nà kan náà sì ni ìgbìmọ̀ NFL ti ń tẹ ọ̀wọ́ ìwádìí tirẹ̀ jáde. Èyí nìkan kò tó láti sọ pé ó ṣègbè. Àmọ́ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ yẹ kó hàn sí gbogbo òǹkàwé, ẹlòmíràn ló sì yẹ kó máa dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dunni jù ni ti Paul McCrory, olóòtú British Journal of Sports Medicine láti 2001 sí 2008, ẹni tó tún wà lára àwọn tó ń ṣáájú nínú kíkọ ìlànà àgbáyé lórí ìfarapa ọpọlọ nínú eré ìdárayá. Ní 2021, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Steve Haake, fi ẹjọ́ sùn pé ọ̀rọ̀ olóòtú tí McCrory kọ ní 2005 kó ọ̀pọ̀ gbólóhùn láti inú àpilẹ̀kọ òun ti ọdún 2000. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà padà ní 2022. McCrory tọrọ àforíjì, ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì kúrò nípò alága ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà ọ̀hún. Ní October ọdún náà, jọ́nà náà tún fa iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án mìíràn padà, ó sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ 38. Ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án náà kì í ṣe jíjí ọ̀rọ̀ lò: ó gbé ohun tí dókítà àtijọ́ kan, Augustus Thorndike, kọ ní 1952 gba ibi tí kò gbà. Ọ̀rọ̀ eléré tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa ni Thorndike ń sọ.

Ohun tí olóòtú bá kọ sínú jọ́nà tirẹ̀, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ìdí nìyí tí ìlànà fi ní kí olóòtú yọwọ́ pátápátá nínú iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀, kí igbákejì tàbí àlejò olóòtú gbà á ṣe.

Bí ẹ̀sùn bá dé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlànà COPE, ẹgbẹ́ tí àwọn olóòtú dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1997, ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi òǹkọ̀wé náà. Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n kọ̀wé sí yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè tú ìwé wò. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe kékeré, wọ́n á tún un ṣe. Bí ìwádìí bá ṣì ń lọ, ìkìlọ̀ á jáde. Bí iṣẹ́ náà kò bá ṣeé gbára lé mọ́, wọ́n á fà á padà, wọ́n á sì sọ ẹni tó fà á padà àti ìdí rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á láìsanwó. Òǹkọ̀wé tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣe àṣìṣe yẹ fún ọ̀wọ̀, kò yẹ fún ìtìjú.

Iṣẹ́ tí wọ́n fà padà kì í parẹ́. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àmì gàdàgbà tó dábùú ojú ìwé rẹ̀, ìkìlọ̀ á sì bá a dé PubMed, ibi tí àwọn dókítà ti ń wá ìwádìí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí dókítà kan ti tẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó ká sínú àpò tó máa ń gbé lọ sí etí pápá, kò sí ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀.