Ìrọ̀rùn àti ìdíjú nínú ìbójútó iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó tì wọ́n: èyí tó ń fi ojú ewé wẹ́ẹ̀bù ránṣẹ́, èyí tó ń tẹ ìwé, èyí tó ń gba lẹ́tà wọlé. Ohun kan gbọ́dọ̀ gbé wọn dìde nígbà tí ẹ̀rọ bá jí, kó sì tún gbé wọn dìde bí wọ́n bá ṣubú. Lórí Unix àti Linux, ètò àkọ́kọ́ tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ẹ̀rọ tó ń darí gbogbo ètò yòókù, máa ń tàn ló ń ṣe é. Init ni wọ́n ń pè é. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì máa ń fún ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà, ti init sì ni 1. Bó bá kú lórí Linux, gbogbo ẹ̀rọ dákú nìyẹn. Ìdí rèé tí àríyànjiyàn lórí bó ṣe yẹ kó tóbi tó fi le.

Init ti System V, tí AT&T gbé jáde ní 1983, kò mọ púpọ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ àṣẹ tó wà nínú /etc/init.d ló ń tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ shell, èdè tí wọ́n fi kọ àwọn àṣẹ náà, lè ṣí wọn wò, kó rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àǹfààní ńlá sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní ètò lẹ́tà gba nọ́ńbà 1482, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sínú fáìlì kan. Ètò náà kú lóru, kẹ́nẹ́ẹ̀lì sì fún ètò mìíràn ní 1482. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí alábòójútó ní kí ètò lẹ́tà dúró, ẹni ẹlẹ́ni ni àṣẹ náà lè pa. Ẹrù tí init sọ̀ kalẹ̀, orí àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ àṣẹ ló bọ́ sí, kálukú sì ń rù ú bó ṣe mọ̀ ọ́n rù.

Daniel J. Bernstein gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú daemontools, àwọn ètò tó kọ láti bójú tó iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò fáìlì tirẹ̀, fáìlì tó ń jẹ́ run sì wà nínú rẹ̀. Ètò alábòójútó kékeré kan ló bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí náà kẹ́nẹ́ẹ̀lì ló máa ń túfọ̀ fún un bí ọmọ bá kú. Kò nílò fáìlì nọ́ńbà kankan. Runit ti Gerrit Pape àti s6 ti Laurent Bercot tọ ipa ọ̀nà yìí. Lórí runit, ìlà méjì tó láti gbé nginx, ètò tó ń fi ojú ewé wẹ́ẹ̀bù ránṣẹ́, dìde:

#!/bin/sh
exec nginx -g 'daemon off;'

Ìlà kejì sọ fún nginx pé kó má sá kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Ètò tó bá kọ̀ tó sá, runit kò lè tọpa rẹ̀ mọ́.

Systemd, tí Lennart Poettering àti Kay Sievers kéde ní 2010, yanjú ìsálọ yẹn. Ó ń lo cgroup, ọ̀nà tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń gbà kó àwọn ètò jọ, tó dà bí agboolé: ọmọ tí iṣẹ́ kan bá bí nínú rẹ̀, bó sá bó dúró, orúkọ agboolé náà ló ń jẹ́. Systemd tún lè ṣí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ kan sílẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó jí, kí ẹni tó bá tètè dé lè dúró dè é. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀ lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Dípò àkọsílẹ̀ àṣẹ gígùn, ìlà bíi Restart=on-failure, tó ní kí iṣẹ́ tún dìde bó bá ṣubú, ti tó.

Kò dúró níbẹ̀. Ó fi àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kún un, ó fi ìwọlé oníṣẹ́ kún un, ó sì fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un. Òótọ́ ni pé ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò sí nínú nọ́ńbà 1. Síbẹ̀, ẹ̀dùn àwọn tó ta kò ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: journald, apá tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, kì í kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán, àṣẹ journalctl ni wọ́n sábà fi ń kà á.

Fedora 15, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, gba systemd ní 2011. Ní Debian, ẹ̀yà Linux mìíràn, ìbò ìgbìmọ̀ dọ́gba ní oṣù kejì 2014, ìbò alága, Bdale Garbee, ló sì dá a sí ọ̀dọ̀ systemd. Àwọn kan yapa, wọ́n dá Devuan, ẹ̀yà Debian tí kò lo systemd, sílẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀yà Linux yòókù, Alpine ń lo OpenRC, ètò ìbójútó iṣẹ́ mìíràn, Void sì ń lo runit.

Nínú kọ̀nténà Docker, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń fi ètò sí kó lè dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, kì í sábà sí init rárá: iṣẹ́ náà gan-an ló ń jẹ́ nọ́ńbà 1, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò mọ bí a ti ń palẹ̀ òkú àwọn ọmọ òrukàn, ìyẹn àwọn ètò tí òbí wọn ti kú, mọ́. Ìdí nìyẹn tí Docker fi ní àṣàyàn --init, tó máa ń fi tini sí nọ́ńbà 1: init kékeré tí kò ní ju ọmọ kan ṣoṣo lọ láti bójú tó.