Ta ló ní bakitéríà kì í gé RNA?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi fọ́tòkọ́pì kan ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀ níbí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tún ń há a sórí: bakitéríà ò ní núkílíọ́ọ̀sì (yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ń kó DNA sí), torí náà bí RNA rẹ̀, ìyẹn okùn tí wọ́n ń dà kọ láti ara DNA, bá ṣe jáde ni wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? "Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú háńdáòtù." Ẹjọ́ tán.

Tó bá jẹ́ mRNA ni, RNA tó ń gbé àṣẹ bí a ṣe máa ṣe purotéènì, mi ò bá a jà púpọ̀: ráíbósóòmù, ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì, ti máa ń gùn ún kó tó jáde tán. Ti rRNA, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ráíbósóòmù fúnra rẹ̀, ló yàtọ̀. Nínú E. coli, bakitéríà inú ìfun, rRNA mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní 16S, 23S àti 5S, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá jáde, tRNA (RNA tó ń gbé èròjà purotéènì wá) sì wà láàárín 16S àti 23S. Bí a ò bá gé e, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kúrò lára ara wọn?

Àwọn oníháńdáòtù á gbà fún mi dé ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta kú ni etí okùn tó ṣáájú 16S àti èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní pàǹtí ni. Pàǹtí kẹ̀? Ẹ wo àpò gààrí tí a so lọ́rùn. Lẹ́tà 1,542 ló wà nínú 16S, ìyẹn ni pé tí a bá na okùn náà tán, etí méjèèjì jìnnà síra gan-an. Síbẹ̀ wọ́n bá ara wọn mu, A ń wá U, G ń wá C, wọ́n wá pàdé, wọ́n so pọ̀, 16S sì kó sáàárín bí ìkùn àpò. 23S náà ní ọrùn tirẹ̀. RNA onílọ̀ọ́po méjì ni RNase III, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù (purotéènì òṣìṣẹ́) tó ń gé RNA, mọ̀ ọ́n gé, ọrùn yìí gan-an ló sì ń wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni RNase E àti RNase G, ẹ́ńsáìmù agéRNA bíi tirẹ̀, tó wá rẹ́ etí iwájú 16S. Ẹ kó "pàǹtí" yẹn dànù, kí ni RNase III fẹ́ dì mú?

Àwọn archaea, ohun alààyè tíńtìntín tó jọ bakitéríà àmọ́ tí kì í ṣe bakitéríà, ò ní núkílíọ́ọ̀sì bákan náà o. Nínú ọrùn tiwọn, lẹ́tà díẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan kì í rí ẹnì kejì, wọ́n á wú síta. Ẹ́ńsáìmù tó ń yọ apá tó há sáàárín tRNA ló ń gé ibẹ̀. Wọ́n á wá so orí RNA náà mọ́ ìdí rẹ̀, á di òrùka. A ti rí òrùka yìí nínú Haloferax volcanii, ọ̀kan lára àwọn archaea. Kí háńdáòtù wá ṣàlàyé òrùka fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. E. coli tí kò ní RNase III ṣì ń wà láàyè, ó kàn ń lọ́ra ni. 16S rẹ̀ ń dé ojú ìwọ̀n, 23S ń ru etí tó kù káàkiri, ráíbósóòmù sì ń ṣiṣẹ́. Ti Thermus thermophilus, bakitéríà mìíràn, 16S ò tiẹ̀ sí lórí okùn kan náà pẹ̀lú 23S. "Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀" ni kí ẹ kọ.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún 30S. S kì í ṣe orúkọ, bí nǹkan ṣe ń yára rì tó nínú ẹ̀rọ tó ń yí i ni. Okùn tí RNase III ò gé, 30S ni wọ́n ń pè é. Apá kékeré ráíbósóòmù tó ti kó purotéènì sára, 30S náà ni. Ọmọ Mayfair yẹn ti kọ ọ́ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, ó sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.