Oògùn ọ́lísà tó mú ìrora àyà rọlẹ̀ kò fi hàn pé kì í ṣe ọkàn

Bí àyà bá ń dun èèyàn l'Óṣogbo, kẹ́míìsì ló sábà máa kọ́kọ́ yà sí. Á mu oògùn ọ́lísà olómi, á gùfẹ̀, ara á fúyẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, gáàsì lásán ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìdájọ́ yìí gbọ́.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọkàn rẹ̀ dáadáa lè gbẹ́rù gun Òkè-Fìà kí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Bó bá jókòó, ìrora náà sábà máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá mu oògùn lásìkò yẹn, oògùn ni yóò máa yìn, bẹ́ẹ̀ ìsinmi ló ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ibì kan náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìrora ọkàn àti ti ọ̀nà ọ̀fun ń gbà dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jọra.

Ti ọ́lísà àti omi kíkan inú ikùn sábà ń jó lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí béèyàn bá dùbúlẹ̀. Ti ọkàn máa ń wúwo láàárín àyà, kì í ṣe apá òsì nìkan. Ó lè gba àgbọ̀n, apá, ẹ̀yìn tàbí òkè ikùn. Èyí tó ń gúnni ní ojú kan ṣoṣo, tó ń le sí i béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kì í sábà jẹ́ ti ọkàn. "Kì í sábà" la wí o! Àwọn àgbàlagbà, obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tiẹ̀ lè má ní ìrora tó pọ̀: èémí á kàn máa já, òógùn tútù á bò wọ́n, èébì á máa gbé wọn.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí àyà tó wúwo kò bá rọ̀ lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, irú èyí tí UNIOSUN (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) ní nílùú yìí. Kí aláìsàn má fúnra rẹ̀ wa mọ́tò. Kó rún aspirin 300 mg lẹ́nu (oní-75 mg, mẹ́rin), àfi bó bá lòdì sí ara rẹ̀, bí ọ́lísà rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí bí ìrora náà bá dé lójijì bíi pé nǹkan ń ya lọ sẹ́yìn.

Ó yẹ kí wọ́n ṣe ECG (àyẹ̀wò tó ń ya bí iná inú ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí ìwé) láàárín ìṣẹ́jú 10 tẹ́ ẹ bá débẹ̀. ECG àkọ́kọ́ lè dára kí ọkàn sì ń bàjẹ́ lọ, nítorí náà ẹ dúró kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún troponin (èròjà tó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ọkàn bá ń bàjẹ́), kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.