Àpò Mẹ́rin Tí Ẹni Tó ń Ta Jíìpù Tuntun Ní

Oníbàárà ti sọ iye tó máa san. Olùtajà kò ní òun gbà, kò sì ní òun kọ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ iye náà sí i, ó ní kí oníbàárà fọwọ́ sí i, ó wá dìde: "Ẹ jẹ́ n lọ bá máníjà sọ ọ́." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó máa fi padà dé, ojú rẹ̀ ti dà bí ojú ẹni tí wọ́n jágbe mọ́. "Mo sapá o. Ibi tí wọ́n bá a dé nìyí."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ọkọ̀, olùtajà kò láṣẹ lórí owó. Máníjà ló ń sọ pé ó tó tàbí kò tó. Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́ta lórí àga, tí ebi ń pa, tí ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ látorí òdo níbòmíràn. Ó tún ń sọ olùtajà di alábàárò oníbàárà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń bẹ máníjà ni, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ń san owó fún òun àti máníjà.

Ohun tí máníjà ń wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò le púpọ̀: iye tí ọkọ̀ náà dúró lé wọn lọ́wọ́, ọjọ́ tó ti lò nílẹ̀, iye ọkọ̀ tí wọ́n ti tà lóṣù yẹn, àti èrè tí wọ́n lè rí lára oníbàárà yìí láwọn ọ̀nà mìíràn. Èyí tó kẹ́yìn yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò sí. Àpò mẹ́rin ni ẹni tó ń ta jíìpù tuntun ní: owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ tí oníbàárà fẹ́ fi ṣe pààrọ̀, owó tí wọ́n máa yá a, àti àwọn nǹkan tí wọ́n máa tà mọ́ ọkọ̀ náà. Oníbàárà tó bá gbájú mọ́ àpò kan ṣoṣo lè yọ owó níbẹ̀ kó sì dá a padà sínú òmíràn láìmọ̀.

Ká mú ti owó ọkọ̀ kọ́kọ́. Iye tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ dábàá pé kí wọ́n tà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1958 ló sọ ìwé yìí di dandan lára gbogbo ọkọ̀ tuntun. Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney ló ṣe agbátẹrù òfin náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ìwé ọ̀hún títí dòní. Àbá lásán ni iye náà, ibẹ̀ ni ìnájà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ínfóìsì wà, ìyẹn iye tí ilé iṣẹ́ kọ ránṣẹ́ sí ilé ìtajà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé tí àwọn bá ti ná ọkọ̀ dé orí ínfóìsì, àwọn ti dé jálẹ̀. Wọn kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń dá díẹ̀ padà fún ilé ìtajà lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti tà, ó sábà máa ń wà láàárín ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ìwúrí tún wà tí ilé iṣẹ́ ń san lórí irú ọkọ̀ tí kò tà dáadáa, èyí tí oníbàárà kì í rí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tà á fi lè fi ínfóìsì han èèyàn pẹ̀lú ojú àánú, kó ní òun kò jèrè kọ́bọ̀, kí èrè ṣì wà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn tó ń mú kí ọwọ́ máníjà rọ̀ ni gbèsè. Ilé ìtajà kì í sábà fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ tó tò síta. Wọ́n yá owó náà ni, èlé sì ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà nílẹ̀. Jíìpù tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó ti lo oṣù mẹ́rin, tí eruku ti bò ní ìlà ẹ̀yìn, ti di ẹrù. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n láìbéèrè: lára irin ilẹ̀kùn awakọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní àlẹ̀mọ́ kékeré kan tó ń sọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Kí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn, kó wo ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, a jẹ́ pé èlé ti ń jẹ ẹnì kan.

Ìgbà tí èèyàn lọ rà á náà tún ṣe pàtàkì. Wọ́n máa ń sọ pé òpin oṣù ló dára láti ra ọkọ̀, àwọn kan sì rò pé àṣà lásán ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ máa ń gbé òǹkà kalẹ̀ fún ilé ìtajà. Ká ní wọ́n sọ pé tí ọkọ̀ tó tà bá pé 50 kí oṣù tó parí, owó kan wà lórí gbogbo 50 náà látorí èyí àkọ́kọ́. Ilé ìtajà tó wà ní 49 ní ọjọ́ tó kẹ́yìn lè ta èyí tó kù ní àdánù kó sì tún jèrè. Èyí tó ti kọjá 50 lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tàbí tó ṣì wà ní 31, kò ní ìdí kankan láti kánjú. Oníbàárà kò lè mọ èyí tí òun bá pàdé, torí náà ó dáa kó béèrè lọ́wọ́ ju ilé ìtajà kan lọ.

Jíìpù ìdílé ní ìṣòro tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irú kan ṣoṣo lè ní ipele márùn-ún tàbí mẹ́fà: èyí tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ aṣọ, èyí tó jẹ́ awọ, èyí tó ní ìlà ìjókòó kẹta, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí gbogbo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ owó wọn jìnnà síra. Ibẹ̀ ni ìfiwéra ti ń dàrú. Ẹnì kan á ní òun rí i ní iye tó kéré níbì kan, olùtajà á rẹ́rìn-ín, á ní "Kì í ṣe ipele yìí," òótọ́ ni á sì sọ. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà yìí gbọ́dọ̀ ti mú ipele kan pàtó nílé, kó sì ti gbé àga ọmọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ wò ní ọjọ́ tó lọ wa á wò. Àga ọmọ mẹ́ta kì í sábà wọ ìjókòó kan náà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́ pé èèyàn mẹ́ta ló gbà. Àwọ̀ ni kó má di mọ́ra. Ẹni tó bá gba àwọ̀ mẹ́ta ní ọkọ̀ púpọ̀ láti ná. Ẹni tó bá ní búlúù nìkan ni òun fẹ́ ti so ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní báyìí, bébà tí wọ́n máa gbé síwájú oníbàárà. Ní àwọn ilé ìtajà kan, wọ́n á fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀ kó lè di ilé mẹ́rin: owó ọkọ̀, owó ọkọ̀ àtijọ́, owó àsansílẹ̀, owó oṣooṣù. Olùtajà á máa fi gègé fo láti ilé kan sí èkejì. Oníbàárà bá ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù; olùtajà dín in kù ní 1,500, ó wá rọra dín owó ọkọ̀ àtijọ́ kù ní 1,500. Oníbàárà bá fura sí ìyẹn. Olùtajà gbé e padà sókè, ó fa oṣù gbèsè gùn. Kò parọ́ kankan. Owó kan náà ló ń tì kiri.

Ilé kẹrin yẹn, owó oṣooṣù, ni ìdẹkùn tó tóbi jù. "Èló lẹ lè máa san lóṣù?" Ìbéèrè náà dà bí ìrànlọ́wọ́. Ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní wọ́n yá èèyàn ní 30,000, owó ilẹ̀ yòówù kó jẹ́, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Tó bá fẹ́ san án tán ní oṣù 60, nǹkan bí 594 ni lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 35,640. Tí wọ́n bá fà á dé oṣù 84, ó wálẹ̀ sí 453, oníbàárà á mí kanlẹ̀, àmọ́ ohun tó máa san lápapọ̀ ti di nǹkan bí 38,030. Ibi tó wá dùn mọ́ olùtajà nìyí: ó lè fi 2,000 kún owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí owó oṣooṣù ṣì jẹ́ 483 péré, tó fi 111 kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wo owó oṣooṣù nìkan á rò pé òun ti borí. Ìdáhùn tó yẹ ìbéèrè yẹn kò ju pé: "Ẹ jẹ́ ká parí owó ọkọ̀ ná."

Àpò ẹ̀yáwó tún ní ihò mìíràn. Báńkì lè sọ fún ilé ìtajà pé ìdá 6 ni èlé tí àwọn máa gbà, kí ilé ìtajà kọ ìdá 8 síwájú oníbàárà, kí wọ́n sì pín àlékún náà. Lórí 30,000 fún oṣù 60, ìdá méjì yẹn ń lọ sí nǹkan bí 1,700. Ohun tó ń dí ihò yìí ni kí èèyàn ti gba ìwé ẹ̀yáwó lọ́wọ́ báńkì tirẹ̀ kó tó jáde nílé. Tí ilé ìtajà bá lè mú èlé tó kéré sí i wá, kó gbà á. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà máa ń fúnni ní ẹ̀yáwó olówó èlé kékeré nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹni tó bá gba ìyẹn máa pàdánù ẹ̀dínwó mìíràn, kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìṣirò nìkan ló lè sọ èyí tó dáa. Èyí tó sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kí èèyàn máa pariwo "owó wà lọ́wọ́ mi" látìbẹ̀rẹ̀ kì í ràn án lọ́wọ́ níbí, torí pé ó ti sọ fún máníjà pé àpò kan ti gbẹ.

Ti ọkọ̀ àtijọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí èèyàn gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni méjì mẹ́ta tó ń ra ọkọ̀ àlòkù, kí wọ́n kọ iye wọn sílẹ̀, kó má sì mẹ́nu kàn án níbi tó ti ń ra tuntun títí wọ́n á fi fẹnu kò lórí owó.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ná an gan-an? Àkọsílẹ̀ dára ju ẹnu lọ. Oníbàárà á kọ ímeèlì kan náà sí ilé ìtajà mẹ́rin tàbí márùn-ún: ipele báyìí, àwọ̀ báyìí tàbí báyìí, mo fẹ́ rà á lọ́sẹ̀ yìí, èló ni gbogbo owó tí mo máa san kí n tó wa ọkọ̀ jáde, pẹ̀lú owó orí àti owó ìwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tò ó ní ẹyọ ẹyọ. Àwọn kan á dáhùn pé kó kọ́kọ́ wá kí wọ́n jọ sọ ọ́. Kó fi wọ́n sílẹ̀. Méjì tàbí mẹ́ta á mú iye wá. Èyí tó kéré jù ni yóò fi han àwọn yòókù, lẹ́ẹ̀kan péré, láìbú ẹnikẹ́ni.

Àkọsílẹ̀ ní àǹfààní mìíràn tó ju ti àkókò lọ. Ní 1995, àwọn olùwádìí méjì, Ian Ayres àti Peter Siegelman, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ilé ìtajà ọkọ̀ ní agbègbè Chicago. Wọ́n rán àwọn èèyàn tí wọ́n ti kọ́ ní ọ̀rọ̀ kan náà lọ láti ná ọkọ̀ tuntun. Ohun tí wọ́n rí ni pé iye tí wọ́n pè fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun kéré sí èyí tí wọ́n pè fún àwọn obìnrin àti àwọn èèyàn dúdú. Olùtajà ń wo ojú, aṣọ àti ohùn, ó sì ń fi wọ́n díwọ̀n ohun tí ẹni náà lè san. Ímeèlì kò fi bẹ́ẹ̀ fún un ní nǹkan tó máa wò.

Lẹ́yìn àdéhùn ni yàrá kejì, ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti sinmẹ̀dọ̀ níbẹ̀ pé ìjà ti parí, bẹ́ẹ̀ àpò kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Ohun tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà kó má bàa ṣí. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára gíláàsì. Àfikún wáráńtì. Náítírójìn nínú táyà, tí èèyàn á máa ṣe kàyéfì sí, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú jẹ́ náítírójìn tẹ́lẹ̀. Àfikún wáráńtì lè wúlò fún ẹni tó máa lo ọkọ̀ náà pẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ṣeé ná bíi ti ọkọ̀, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń tà á ni "kò ju owó díẹ̀ lóṣù lọ." Kí èèyàn fi iye oṣù sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó fèsì.

Iye tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ímeèlì mu, ẹyọ fún ẹyọ. Ìlérí ẹnu pé "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kejì" gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé kí oníbàárà tó dìde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún ẹni tó ń yáwó: ṣé báńkì ti fọwọ́ sí i tán, àbí wọ́n ṣì ń retí rẹ̀? Tí wọ́n bá ṣì ń retí rẹ̀, kó fi jíìpù náà sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ tó bá parí. Àwọn kan ti wa ọkọ̀ délé, wọ́n ti tẹ́ ìbora ọmọ sí i lẹ́yìn, kí fóònù tó dún lọ́sẹ̀ kejì pé báńkì kọ̀, kí wọ́n wá tún ìwé fọwọ́ sí ní èlé tó ga sí i, ọkọ̀ àtijọ́ wọn sì ti tà.