Kì í Ṣe Àárẹ̀ Ni A Fi Ń Mọ Ẹni Tó Ń Lágbára Sí I

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa tí a ń gbé irin: pé bí kò bá tíì rẹ èèyàn tẹnutẹnu, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí apá ò bá ro ó lọ́jọ́ kejì débi pé gbígbé ṣíbí sẹ́nu á di iṣẹ́, wọ́n á ní eré ló ń ṣe. Ẹni tó bá wá mú ìwé àti bírò wọ jíìmù, wọ́n á bi í bóyá ìdánwò ló fẹ́ lọ ṣe.

Èmi náà gba èyí gbọ́ fún bí ọdún méjì. Kettlebell kan ṣoṣo ni mo ní, ìyẹn irin roboto tó ní ibi ìdìmú lórí, oníkílò 16, ẹ̀yìnkùlé lórí símẹ́ǹtì ni mo sì ti ń lò ó. Lójoojúmọ́ ni mo ń tì í sókè láti èjìká títí apá á fi kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ọdún méjì yẹn fi máa parí, kò sóhun tó yí padà àfi èjìká ọ̀tún tó ń dùn mí bí mo bá fẹ́ bọ́ ẹ̀wù. Bí ẹ bá sì bi mí pé ìgbà mélòó ni mo gbé irin náà lóṣù tó kọjá, mi ò lè dáhùn. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìrora kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń gbé Èkó, tó lọ sílé nígbà Iléyá, tó bá bàbá rẹ̀ kọ ebè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò ní lè nà tán tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́. Bàbá tí wọ́n jọ kọ ebè ò ní mọ nǹkan kan lára. Ta ló lágbára ebè nínú àwọn méjèèjì? Iṣẹ́ tí kò mọ́ ara lára ló ń fa irú ìrora bẹ́ẹ̀, pàápàá ìgbà tí a bá ń rọra sọ ẹrù kalẹ̀. Ó máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, lẹ́yìn náà á lọ. Ara rí ohun tuntun ni. Bóyá agbára wọlé tàbí kò wọlé, ìrora ò sọ ìyẹn fún wa.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin, iṣan ò tíì fi bẹ́ẹ̀ tóbi, síbẹ̀ á ti máa gbé ohun tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa ránṣẹ́ sí fọ́nrán iṣan tó pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ́ ni, bí ọmọ onílù ṣe ń kọ́ dùndún. Bí ọwọ́ ọmọ náà bá ti kú, tí bàbá rẹ̀ ṣì ní kó máa lù ú lọ, ìlù tó wọ́ ni yóò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwádìí tọ ọ̀nà yìí ti rí i tipẹ́. Dókítà Thomas DeLorme, oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ń tọ́jú àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1945 ó gbé ọ̀nà rẹ̀ jáde: kí èèyàn gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó sinmi, ìyẹn ni sẹ́ẹ̀tì kan, kó sì ṣe sẹ́ẹ̀tì méje sí mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di 1948, òun àti Dókítà Arthur Watkins ti dín in kù sí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré. Wọ́n á wo irin tó wúwo jù tí aláìsàn lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Sẹ́ẹ̀tì kìíní á jẹ́ ìdajì rẹ̀, ìkejì ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkẹta gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti rí i pé gbígbé tó pọ̀ jù kò jẹ́ kí aláìsàn lè lo ẹrù tó wúwo.

Ti Soviet tún wá yé mi jù. Olùkọ́ àwọn agbérin kan níbẹ̀, A. S. Prilepin, ṣe tábìlì kan ní àwọn ọdún 1970 látinú àkọsílẹ̀ ìdánrawò àwọn agbérin tó dáńtọ́. Bí ẹrù bá wà láàárín ìdá 80 sí 89 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èèyàn lè gbé jù, tábìlì náà ní kó gbé e lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú sẹ́ẹ̀tì kan, kí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ bí 15, kó má dín sí 10, kó má ju 20 lọ. Ẹ̀yin tó ti gbé irin rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ìdá 80 lẹ́ẹ̀mẹrin ṣì lè gbé e sí i. Wọ́n ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí agbára ṣì kù. Àwọn tó ń gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o!

Kettlebell fúnra rẹ̀ tún ní ìdí tirẹ̀ tó fi yẹ ká máa kọ iye ìgbà tí a gbé e síwèé. Rọ́ṣíà ló ti wá, gírìyà ni wọ́n ń pè é, irin tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn ọkà lórí òṣùwọ̀n sì ni níbẹ̀rẹ̀. Pood ni wọ́n fi ń ṣírò, pood kan sì lé díẹ̀ ní kílò 16. Òun ló fà á tí a fi ń rí 16, 24 àti 32 títí dòní. Ẹ wo àlàfo yẹn. Ẹni tó ń lo irin gbọọrọ tó ní àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lè fi kílò méjì àbọ̀ lé e lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó fẹ́ ti 16 bọ́ sí 24 ní láti fi ìdajì ohun tó ń gbé kún un lẹ́ẹ̀kan. Kò sí bó ṣe máa fò ó láìjẹ́ pé iye ìgbà tó ń gbé ti 16 ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kó sì mọ ibi tó bá a dé.

Ojú-ìwé kan nínú ìwé mi rèé, nígbà tí mo yí ọ̀nà padà. Títì sókè ni gbogbo rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ìsinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni ń gun àkàbà.

Ọjọ́ Ajé: 1-2-3, lẹ́ẹ̀marùn-ún, 30.
Ọjọ́rú: 1-2, lẹ́ẹ̀mẹta, 9.
Ọjọ́ Ẹtì: 1-2-3, lẹ́ẹ̀mẹta, 18.
Àpapọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan: 57.

Ọjọ́rú yẹn ni àwọn èèyàn ń bá mi jà lé lórí. Ìgbà mẹ́sàn-án! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí mo ti parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó rọrùn ń jẹ́ kí àárẹ̀ ọjọ́ Ajé wábi gbà, kí ọwọ́ má sì gbàgbé iṣẹ́. Bí gbogbo ọjọ́ bá le bákan náà, kò pẹ́ tí ọjọ́ tó le gan-an náà ò fi ní lè le mọ́, torí àárẹ̀ àná ni a ń gbé pọ̀ mọ́ irin.

Mo tún máa ń kọ lẹ́tà L síwájú ìgbà tí irin bá lọ́ra. Ẹ máa rí i fúnra yín: bí irin bá dé ọ̀gangan iwájú orí, tó dúró díẹ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìyẹn ni L. Bí mo bá ti rí ẹyọ kan, ó tán fún ọjọ́ náà. Káàdì alájọ ló kọ́ mi níyì àmì kékeré bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ìyá mi ń rí lójoojúmọ́, kò sí ọjọ́ tó jọ owó ńlá, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù, káàdì ò ní parọ́.

Ẹ má sì rò pé àṣejù kò ju ká má gòkè lọ. Ẹni tí kò mọ́ lára tó bá gbé irin ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lọ́jọ́ kan lè ba iṣan jẹ́ débi pé ohun tó ń yọ́ láti inú rẹ̀ á dènà mọ́ kíndìnrín. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Kóòkù lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi kún àkàbà ọjọ́ Ajé, ó di 1-2-3-4, ó di 1-2-3-4-5. Ọjọ́ tó le á wà, èyí tó rọrùn á tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá mo yá oníkílò 24 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Apá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan. Apá òsì, ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú L lójú ọ̀nà. Mo kọ méjèèjì síwèé, mo sì gbé irin náà padà fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.